Ẹ̀wà Tó Gbà Láti Dúró

Ẹni tó bá dúró níwájú Ìga Ìdúngànràn ní Ìsàlẹ̀ Èkó lónìí, ọkàn rẹ̀ lè má lọ sí oko rárá. Ààfin Ọba Èkó ni. Ilé, ọjà àti ọkọ̀ ló yí i ká. Àmọ́ ìtàn àtẹnudẹ́nu fi yé wa pé oko ata Arómirẹ́, ọmọ Ọlọ́fin, ló wà níbẹ̀ kó tó di ààfin, ibẹ̀ náà sì ni orúkọ yẹn ti wá.

Ata kì í sá fún ẹni tó fẹ́ kórè rẹ̀. Bó bá pọ́n, á dúró lórí igi títí wọ́n á fi já a. Ẹ̀wà inú igbó ò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Bí èèpo rẹ̀ bá ti gbẹ, ṣe ló máa lọ́, táá là pàá, táá sì fọ́n ọmọ inú rẹ̀ káàkiri. Fún ẹ̀wà, ọgbọ́n nìyẹn: ọmọ kúrò lábẹ́ òjìji ìyá, ó rí ilẹ̀ tirẹ̀. Fún àgbẹ̀, àdánù ni. Àwọn àgbà ní ohun tá a bá gbìn la ó ká. Ẹ̀wà tó là sóko ń fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ àgbà di irọ́.

Ta ló wá kọ́ ẹ̀wà ní sùúrù? Àwọn tó ń ká a nílẹ̀ Áfíríkà yìí láyé àtijọ́ ni. Èyí tó ti là ṣáájú, ọwọ́ wọn ò bá a. Èyí tó ṣì wà nínú èèpo ló bá wọn délé, òun náà ni wọ́n sì gbìn lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọdún gorí ọdún, ẹ̀wà tó ń dúró ló ń pọ̀ sí i. Ní Kintampo, lórílẹ̀-èdè Gánà, àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú ẹ̀wà tó lé ní 3,500 ọdún jáde. Èrè ibẹ̀ sì ju oúnjẹ lọ: ẹ̀wà tó ń fà nílẹ̀ ń fi ewé bo ilẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn àti ọ̀gbàrá, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń fún ilẹ̀ lọ́ràá. Ṣùgbọ́n ẹni tí irúgbìn rẹ̀ bá fọ́n dànù, kí ló fẹ́ fi bo ilẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀?

Sóyà ló tún ìjà yẹn gbé dìde. Ilẹ̀ Éṣíà ló ti wá. Ọdún 1908 ni wọ́n gbìn ín ní Moor Plantation, n'Íbàdàn. Wàhálà rẹ̀ ni pé ìgbà tó bá gbó ni òjò ń lọ, tí ọyẹ́ ń múra àti dé, afẹ́fẹ́ gbígbẹ sì ni ọ̀tá èèpo. Àgbẹ̀ tí àìsàn dá dúró, tàbí tí kò tètè rí alágbàṣe, ilẹ̀ ló máa lọ bá owó rẹ̀.

Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA sílẹ̀ n'Íbàdàn lọ́dún 1967. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ mú sóyà Amẹ́ríkà tó ń so dáadáa, wọ́n mú ti Éṣíà tí gbòǹgbò rẹ̀ mọ bó ṣe ń bá àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ wa gbé, wọ́n fi wọ́n bímọ. TGx lorúkọ ìdílé náà. Wọ́n á ká èèpo tó gbó, wọ́n á mú un gbẹ, wọ́n á ka iye tó là. Èyí tó bá là jù, wọ́n á yọ ọ́ kúrò. TGx 1448-2E, tó jáde lọ́dún 1992, wà lára àwọn tí kì í tètè là.

Lọ́dún 2014, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Japan ṣàlàyé àbùdá kan tó ń jẹ́ Pdh1. Òun ló ń fún èèpo sóyà lágbára láti lọ́ nígbà tó bá gbẹ. Bí àbùdá náà bá ti yarọ, èèpo á gbẹ, àmọ́ kò ní lè lọ́ débi tó máa fi là. Ohun tó jẹ́ àbùkù nínú igbó ló di èrè nínú oko.

Kì í tètè là kò túmọ̀ sí kì í là láéláé o. Ìmọ̀ràn IITA ni pé kí àgbẹ̀ kórè nígbà tí èèpo 85 nínú 100 bá ti pọ́n. Bó bá jẹ́ irú tó máa ń là, kó má kọjá 80.

Ìga Ìdúngànràn ṣì ń jẹ́ orúkọ oko ata. Ẹ̀wà ò ní ààfin kankan. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá ra àkàrà ní Ìsàlẹ̀ Èkó láàárọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ṣa irúgbìn yẹn ló ń jẹ.