Ọjọ́rú Kan ní Ibùdókọ̀ Harrow

Kùrukùru ló dí rélùwéè tó gbéra ní Perth, ní Scotland, lọ́wọ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá ọdún 1952 yóò fi mọ́, ó ti fi nǹkan bí ọgọ́rin ìṣẹ́jú pẹ́.

7:31 àárọ̀. Rélùwéè àwọn òṣìṣẹ́ kúrò ní Tring, ó forí lé Euston ní London. Kóòṣì mẹ́sàn-án ló fà.

8:17. Ó dúró ní ibùdókọ̀ Harrow & Wealdstone, lẹ́yìn odi London. Èrò inú rẹ̀ tó 800. Wọ́n há mọ́ra ju ti ojoojúmọ́ lọ, torí wọ́n ti fagi lé ọkọ̀ kan tó yẹ kó tẹ̀ lé e. Kó tó wọlé ni wọ́n ti yí i bọ́ sójú irin àwọn ọkọ̀ tó ń sáré. Ẹ má rò pé àṣìṣe ni o. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láràárọ̀ nìyẹn: ọkọ̀ òṣìṣẹ́ ló ń kọ́kọ́ kọjá, ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn tó bá pẹ́ á dúró dè é. Gbogbo àmì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló sì ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má wọlé.

8:19. Ọkọ̀ Perth kọjá àmì ìkìlọ̀, ó kọjá àmì ìdádúró méjì, ó já lu ìdí ọkọ̀ òṣìṣẹ́. Kóòṣì mẹ́ta ẹ̀yìn run wọnú ara wọn. Ìṣẹ́jú kan kò tíì pé tí ọkọ̀ kẹta dé láti Euston, tó ń lọ sí Liverpool, tí ẹ̀ńjìnnì méjì ń fà. Òun náà forí sọ àwókù yẹn, ó sì ya gun pèpéle tí èrò dúró sí. Òkìtì irin àti pákó náà ga ju mítà márùn-ún lọ.

8:22. Àwọn tó wá yọ èèyàn dé. 8:27, àmbúláǹsì àkọ́kọ́ gbéra.

Láìpẹ́, àwọn dókítà ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà dé láti ibùdó wọn nítòsí, pẹ̀lú nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú kan, Abbie Sweetwine. Wọn ò kàn ń di èèyàn sínú ọkọ̀ lọ sílé ìwòsàn. Orí pèpéle níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú wọn, tí wọ́n ń wo ẹni tí tirẹ̀ le jù. Sweetwine ń wá ohun tí yóò fi sàmì sí ẹni tí wọ́n ti tọ́jú, ló bá fa ìtọ́tè rẹ̀ yọ, ó fi ń kọ X sí wọn lára.

12:15 ọ̀sán. Wọ́n ti kó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó fara pa lọ.

1:30 òru. Wọ́n dáwọ́ wíwá alààyè dúró. Èèyàn 112 ló kú lápapọ̀, títí kan àwọn tó kú sílé ìwòsàn lẹ́yìn náà.

5:32 ìdájí Ọjọ́bọ̀. Ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú irin tí kò bàjẹ́.

Awakọ̀ Perth àti igbákejì rẹ̀ kú, òkú ò sì lè rojọ́. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1906 ni iléeṣẹ́ rélùwéè Great Western ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ tó ń fun fèrè sétí awakọ̀ tó bá kan àmì ìkìlọ̀. Kò sí irú rẹ̀ lójú irin Harrow lọ́jọ́ náà. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà.