Bí Ẹ́ńjìnnì Píkọ́ọ̀pù Bá Kọ̀ Tí Kò Yí

Ní Ìsọlọ̀ Industrial Estate, píkọ́ọ̀pù tí kò bá sítáàtì láàárọ̀ lè dá ọjà dúró. Ẹ má tíì sáré ra kíkì tuntun.

Ẹ tan iná iwájú, kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná bá ṣú, bátìrì ló rẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé orí rẹ̀ tú tàbí ó dípẹtà. Bátìrì tó kún máa ń wà ní nǹkan bíi volt 12.6.

Bí iná bá mọ́lẹ̀ dáadáa, tó kàn dún “kọ́” lẹ́ẹ̀kan, ẹ fura sí kíkì. Bí kò bá dún rárá, ẹ wo fíùsì. Ẹ rí i pé jíà wà ní P tàbí N, tàbí kí ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì délẹ̀.

Ọkọ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ la àgbàrá kọjá ńkọ́? Ẹ má fipá yí i: omi lè ti wọ ẹ́ńjìnnì. Mẹkáníìkì ló kàn.