Òfin Kẹta Newton Kì í Ṣe Ẹ̀san

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun tún dìjà, tí ìjọba fi kéde kónílé-ó-gbélé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ibẹ̀ (n ò ní sọ ìlú wo nínú méjèèjì) sọ fún mi pé, "Bàbá, fíṣíìsì gan-an ti sọ ọ́: action and reaction. Wọ́n ṣe tiwọn, àwa náà ṣe tiwa."

Ó dùn mí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ ní girama. Ó há a sórí, ó wá túmọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀san lọ́kàn ara rẹ̀. Ẹ̀san a máa tẹ̀yìn wá; ti Newton kì í tẹ̀yìn wá. Nínú ìwé tó fi èdè Látìnì kọ ní 1687, ó fi ẹṣin ṣàpẹẹrẹ: ẹṣin ń fi okùn fa òkúta, òkúta ń fa ẹṣin, lẹ́ẹ̀kan náà, bákan náà. Kò sí pé ta ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Yorùbá sì ti ní in nílẹ̀: "wọ́n ń fa ara wọn." Ẹ wo "ara wọn" yẹn dáadáa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́!

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ìwé mẹ́fà ni Yorùbá bá wọn dé. Girama, níbi tí òfin Newton wà, Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á.

Mo ní kí ọmọkùnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti tèmi. Ó tì í.

"Ta ló ń ti ta?"

Ó rẹ́rìn-ín, kò dáhùn.