Prẹ́ṣọ̀ wọ́ṣà oníná olówó pọ́ọ́kú: Ta ló yẹ kó rà á, ta ni kó fi owó rẹ̀ sápò?

Bí Iléyá bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò sí àdúgbò tí wọn kì í ti í fọ nǹkan. Ọjọ́ kẹta ọdún ni Ojúde Ọba, àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú á sì ti máa rọ́ wálé láti Èkó, láti Ìbàdàn àti láti òkè òkun. Láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, inú òjò gan-an ni ọdún ń bọ́ sí. Ẹrẹ̀ á ti ta sára fẹ́ǹsì, íńtálọ́ọ̀kì iwájú ilé á sì ti hu ohun aláwọ̀ ewé tó lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rántí maṣíìnì tí àwọn ọmọ káwọ́ọ̀ṣì ń lò, tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé èló ni.

Ìbéèrè kan ló yẹ kó ṣáájú iye rẹ̀: iṣẹ́ wo ni ẹni náà fẹ́ fi ṣe? Maṣíìnì kan náà tó lè tọ́ ọdún bíi mélòó kan lọ́wọ́ ìyá tó ń fọ ọkọ̀ kan lọ́sẹ̀ lè má lo oṣù méjì lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó fẹ́ fi dá káwọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

Kí ló wà nínú rẹ̀?

Ẹ́ńjìnnì iná kan ló ń yí pọ́ǹpù kékeré. Pọ́ǹpù náà á fa omi wọlé, á sì fi agbára tì í gba ojú ihò tóóró kan jáde. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ Kärcher ní Jámánì, tí Alfred Kärcher dá sílẹ̀ lọ́dún 1935, ló ṣe èyí tó ń lo omi gbígbóná àkọ́kọ́ ní Yúróòpù lọ́dún 1950. Ọdún 1984 ni wọ́n tó wá ṣe èyí tó ṣe é gbé káàkiri fún lílò nínú ilé. Àwọn olówó pọ́ọ́kú tó kún ọjà lónìí, tí ọ̀pọ̀ wọn ń ti Ṣáínà wá, ọmọ-ọmọ ti 1984 yẹn ni wọ́n.

Oríṣi ẹ́ńjìnnì méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni oníkábọ́ọ̀nù, irú èyí tó wà nínú bílẹ́ńdà àti dírílì. Ó fúyẹ́, ariwo rẹ̀ pọ̀, ó tètè ń gbóná, kábọ́ọ̀nù rẹ̀ sì ń jẹ díẹ̀díẹ̀ títí á fi tán. Èkejì kò ní kábọ́ọ̀nù, ó jọ ti pọ́ǹpù bohóòlù. Ìyẹn wúwo, ìró rẹ̀ rọlẹ̀, ó sì ń pẹ́. Èyí tó bá ṣe é fi ọwọ́ kan gbé bíi báàgì, kó dá olùrà lójú pé oníkábọ́ọ̀nù ni.

Irọ́ ara páálí

Ara páálí ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á kọ ọ́ gàdàgbà pé 200 bar, tàbí 3000 PSI. (Bar kan jẹ́ nǹkan bíi PSI 14.5.) Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni, fóònù ọwọ́ lásán sì lè ṣe é. Kí èèyàn fi iye bar sọ iye lítà omi tó ń jáde ní ìṣẹ́jú kan di púpọ̀, kó wá fi 600 pín in. Ohun tó bá jáde ni iye kílówáàtì agbára tó gbọ́dọ̀ wà nínú omi náà.

Ká mú èyí tó ní òun jẹ́ 200 bar àti lítà 7. 200 lọ́nà 7 jẹ́ 1400. Tí a bá fi 600 pín in, ó jẹ́ 2.3. Ṣùgbọ́n lára páálí yẹn kan náà ni wọ́n ti kọ ọ́ pé wáàtì 1400 ni iná tó ń jẹ, ìyẹn 1.4 péré. Báwo ni nǹkan ṣe máa jẹ ẹyọ kan kó yàgbẹ́ méjì? Ẹ́ńjìnnì àti pọ́ǹpù gan-an ń fi ọ̀pọ̀ agbára wọn ṣòfò sínú ooru, tó fi jẹ́ pé oníwáàtì 1400 tó bá ṣe 70 sí 80 bar pẹ̀lú lítà márùn-ún tàbí mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan ti gbìyànjú gan-an. Ìyẹn tó fọ ọkọ̀. Ó tó fọ fẹ́ǹsì náà, bí sùúrù bá wà.

Wọ́n tún máa ń kọ “max” sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ńlá yẹn. Agbára tó gùn jù lọ nìyẹn, kì í ṣe èyí tí èèyàn máa fi ṣiṣẹ́. “Rated” ni kí olùrà wá, tó bá wà níbẹ̀ rárá.

Iná ńkọ́?

IBEDC ló ń pín iná fún Ìjẹ̀bú-Òde, àmọ́ bí iná ṣe ń dé àdúgbò kan kọ́ ló ṣe ń dé èkejì. Wákàtí 20 lójúmọ́ ló yẹ kí àwọn Band A máa rí, Band B 16, Band C 12, Band D 8, Band E 4. Owó iná fúnra rẹ̀ kọ́ ni ìṣòro. Nígbà tí àjọ NERC gbé owó Band A lọ sí náírà 225 fún yúníìtì kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024, gbogbo ìlú ló pariwo. Pẹ̀lú iye yẹn náà, maṣíìnì wáàtì 1400 tó ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kò ní jẹ ju nǹkan bíi náírà 158 lọ.

Iná tí kò lágbára ló ń pa maṣíìnì. Iná tó yẹ kó jẹ́ fólítì 230 lè wálẹ̀ gan-an nígbà tí gbogbo ilé bá ń lò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Oníkábọ́ọ̀nù á ṣì máa yí, omi rẹ̀ ni á kàn rọ. Èyí tí kò ní kábọ́ọ̀nù lè máa kùn láìyí, tí kọ́ìlù inú rẹ̀ á sì jóná. Kí wọ́n tètè pa á tí wọ́n bá ti gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀.

Ti jẹnẹrétọ̀: “I better pass my neighbour” kò lè gbé e, kò tiẹ̀ tó kílówáàtì kan. Oníwáàtì 1400 tó ní kábọ́ọ̀nù ń fẹ́ jẹnẹrétọ̀ tó tó kílówáàtì méjì kí ara lè tù ú. Èyí tí kò ní kábọ́ọ̀nù ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, torí pé iná tó ń fà nígbà tó bá ń dìde ju èyí tó ń fà tó bá ti ń sáré lọ ní ìlọ́po bíi mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí ínfátà kékeré náà fi ń pa ara rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́.

Wáyà ẹkisitẹ́ńṣàn tín-ín-rín tí wọ́n fi ń ta tẹlifíṣàn kò yẹ ẹ́. Ó ń gbóná, ó sì ń jẹ lára iná kó tó dé ìdí maṣíìnì. Wáyà 2.5 mm ni àwọn oníṣẹ́ iná máa ń dámọ̀ràn.

Omi

Àwọn kan gbà pé maṣíìnì yìí ń jẹ omi ju bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ, àwọn kan ní ó ń dín in kù. Ó dá lórí ohun tí wọ́n ń fi wé. Tí ó bá ń tú lítà mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan, tí wọ́n sì tẹ ìbọn rẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, lítà 120 nìyẹn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì onílítà ogún mẹ́rin jẹ́ 80, wọ́n sì ń fi fọ ọkọ̀ kékeré mọ́. Àmọ́ rọ́bà tí wọ́n ki bọ ẹnu ẹ̀rọ tí wọ́n sì fi sílẹ̀ kó máa dà ń jẹ jù méjèèjì lọ. Nítorí náà, ilé tó ń ra omi tánkà kò ní rí èrè kankan nínú rẹ̀ ní ti omi.

Ohun tó gbọ́dọ̀ yé olùrà ni pé pọ́ǹpù náà kò gbọ́dọ̀ gbẹ. Bí omi kò bá wọlé dáadáa, rọ́bà roboto inú rẹ̀ á jẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Tí kò bá sí omi ẹ̀rọ, kí wọ́n gbé dúrọ́ọ̀mù sórí nǹkan gíga kí omi lè fúnra rẹ̀ máa wá. Omi kànga tó níyanrìn ń fẹ́ asẹ́ lẹ́nu rọ́bà. Èyí tó bá wà nínú páálí kò tó. (Ìwé ìlò tó wà nínú páálí máa ń kìlọ̀ nípa omi tó ń dì nígbà òtútù. Ìyẹn kò kan ará Ìjẹ̀bú.)

Ẹni tó fẹ́ fi ṣòwò

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti le jù. Ọ̀dọ́ tó bá gba àjọ, tàbí tó yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti fi dá káwọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, máa ń wo iye tó wà lọ́wọ́, á sì ra èyí tí owó náà ká. Èyí tí owó ká yẹn, ti inú ilé ni. Àwọn tó ṣe é kò rò ó rí pé á fọ ju ọkọ̀ kan tàbí méjì lọ lójúmọ́. Ìsinmi ló ń fẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún. Lọ́jọ́ Sátidé tí ọkọ̀ mẹ́jọ tò sílẹ̀, tí oníbàárà sì ń wo aago, ta ló máa ní kó sinmi?

Bí ó ṣe máa ń rí nìyí: kábọ́ọ̀nù á kọ́kọ́ tán. Ìyẹn kì í ṣe òfò ńlá, wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í ro lábẹ́, ìyẹn ni pé rọ́bà pọ́ǹpù ti jẹ. Ọ̀pọ̀ olówó pọ́ọ́kú ló ní orí pọ́ǹpù oníke tàbí alumíníọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ríwáyà lè tún kọ́ìlù dì, kò lè tún ike tó ti là ṣe. Àwọn àfikún rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n, torí orúkọ ara páálí lè yí padà kí ọdún tó yípo. Ẹni náà á wà láìní maṣíìnì, owó àjọ á sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Fún òwò, ó sàn kí wọ́n wá èyí tí kò ní kábọ́ọ̀nù tí orí pọ́ǹpù rẹ̀ jẹ́ bàbà, tàbí oní-pẹtiróòlù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé epo ti gbówó lórí láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò ní 2023. Bí owó kò bá tó, bọ́kẹ́ẹ̀tì, ọṣẹ àti tówẹ́ẹ̀lì tó mọ́ ti bẹ̀rẹ̀ káwọ́ọ̀ṣì fún ọ̀pọ̀ èèyàn rí. Ẹni mẹ́ta náà lè da owó pọ̀ ra ẹyọ kan tó dára.

Ẹni tó fẹ́ lò ó nílé

Ti ilé rọrùn láti ṣírò. Ká ní maṣíìnì jẹ́ náírà 90,000, tí ẹni náà sì ń fọ ọkọ̀ ní káwọ́ọ̀ṣì ní 2,500 lọ́sẹ̀. Yọ iná àti ọṣẹ bíi 500 kúrò, 2,000 ló ń fi pamọ́. Ọ̀sẹ̀ 45 ló máa tó fi gba owó rẹ̀ padà. Tó bá lò ju ọdún kan lọ, ó jèrè. Ẹni tó ń fọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù kò ní rí owó yẹn padà fún ọdún mẹ́ta ó lé, kó jẹ́ kí àwọn ọmọ káwọ́ọ̀ṣì máa jẹun tiwọn.

Fún íńtálọ́ọ̀kì àti fẹ́ǹsì sìmẹ́ńtì, ó wúlò. Àmọ́ àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n fi amọ̀ mọ tí wọ́n kàn rẹ́ sìmẹ́ńtì sí lára kò gbọ́dọ̀ rí i rárá; bí ojú sìmẹ́ńtì bá ti là, omi á wọ inú amọ̀.

Tòkunbọ̀

Tòkunbọ̀ tó dára lè sàn ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Kí olùrà kọ́kọ́ wo àkọlé ìdí rẹ̀: ti Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ń lo fólítì 230 àti 50 Hz bíi tiwa. Ti Amẹ́ríkà ń lo 120 àti 60 Hz. Tí wọ́n bá ki ìyẹn bọ iná Nẹ́pà, èéfín ló máa fi dáhùn.

Ewu

Omi tó ń jáde lójú ihò rẹ̀ lè gún awọ ara wọlé. Ojú ibẹ̀ lè kéré bí ojú abẹ́rẹ́, kó máa jẹ ẹran inú. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé onítọ̀hún lọ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ìpara. Nítorí náà, kò sí pé à ń fi fọ ẹsẹ̀, tàbí fọ àgbò, tàbí ẹṣin Ojúde Ọba. Kí ó jìnnà sí ojú ọ̀dà ọkọ̀ tó bíi ẹsẹ̀ bàtà kan, kó sì jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ sí wáyà inú ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó ń lò ó kó wọ bàtà rọ́bà, kí ojú ìsopọ̀ wáyà má sì wà nínú omi. Ilé tí kò ní áàtì, kí wọ́n ṣe é ná.

Lójú ọjà

Yálà Òkè-Àje ni tàbí Alábà l'Ékòó, kí wọ́n tan maṣíìnì náà pẹ̀lú omi kí owó tó yọ lápò. Tí wọ́n bá jọ̀wọ́ ìbọn rẹ̀, ó yẹ kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ dákẹ́; èyí tó bá ń pariwo lọ á máa gbóná lásán. Kí wọ́n bèèrè bóyá kábọ́ọ̀nù àti rọ́bà rẹ̀ wà fún títà, kí wọ́n rà á mọ́ ọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Kí olùrà sì la ẹnu sọ ọ́ pé, “Ẹ̀gbọ́n, káwọ́ọ̀ṣì ni mo fẹ́ fi ṣe o,” tàbí pé ilé ló wà fún, kí ọlọ́jà kọ ọ́ sínú rìsíìtì. Òfin FCCPA ọdún 2018, tí àjọ FCCPC ń mójú tó, fún oníbàárà láṣẹ láti dá ọjà padà bí kò bá lè ṣe iṣẹ́ tó sọ fún ọlọ́jà pé òun fẹ́ fi ṣe. Rìsíìtì tí kò sọ iṣẹ́ náà máa ń jẹ́ kí àríyànjiyàn gùn.