Fathur Rohman al-Ghozi àti Okùn Jemaah Islamiyah

Fathur Rohman al-Ghozi (1971–2003) jẹ́ ọmọ Indonéṣíà tó mọ bọ́ǹbù ṣe fún Jemaah Islamiyah, ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí tí Abdullah Sungkar àti Abu Bakar Ba'asyir dá sílẹ̀ ní ọdún 1993, tí ọwọ́ rẹ̀ sì nà dé Màléṣíà, Síngápọ̀ àti gúúsù Fílípíìnì. Iṣẹ́ ibi tí a mọ̀ ọ́n mọ́ jù lọ ni bọ́ǹbù márùn-ún tó dún ní Mànílà ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2000, nínú ọkọ̀ ojú irin, nínú bọ́ọ̀sì àti ní àwọn ibòmíràn tí èrò ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Èèyàn 22 ló kú. Ìgbésí ayé rẹ̀ fi ohun kan hàn kedere: ẹbí, ilé-ìwé àti ibùdó ogun ló ń so irú ẹgbẹ́ yìí ró. Ẹni tó bá fẹ́ ṣẹ́gun rẹ̀, okùn yẹn ló gbọ́dọ̀ tú, nítorí pípa ẹnì kan kò tó.

Ìlú Madiun ní ìlà-oòrùn Jáfà ni wọ́n ti bí i. Kó tó dàgbà ni ìjọba Suharto ti sọ bàbá rẹ̀ sẹ́wọ̀n lórí ẹ̀sùn pé ó bá ẹgbẹ́ Komando Jihad ṣe. Ó lọ sí ilé-kéwú Al-Mukmin ní Ngruki lẹ́bàá ìlú Solo, èyí tí Sungkar àti Ba'asyir fúnra wọn wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Láti ibẹ̀ ó gba Pakisítánì lọ, ó sì kọ́ iṣẹ́ ogun ní ibùdó tó wà nítòsí ààlà Afgánísítánì. Lẹ́yìn náà ó dé erékùṣù Mindanao, níbi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ní ibùdó lábẹ́ ààbò àwọn ajàjàgbara MILF. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Fílípíìnì gba ibùdó Camp Abubakar lọ́wọ́ MILF ní oṣù Keje ọdún 2000, ẹ̀san di ohun tí àwọn ojúlùmọ̀ yìí ń wá. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, bọ́ǹbù dún níwájú ilé aṣojú Fílípíìnì ní Jàkátà. Kí ọdún tó parí, ó kan Mànílà. Ní gbogbo ìrìn yìí, ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ló ń ṣílẹ̀kùn fún un.

Àwọn kan á ní òṣì ló fà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó kàwé dé òkè òkun, tó gbọ́ èdè tó ju ẹyọ kan lọ, kì í ṣe ẹni tí ebi lé wọ igbó. Àwọn mìíràn á ní ẹ̀sìn Ìsìláàmù fúnra rẹ̀ ló bí i. Èyí náà kò dúró: Indonéṣíà ní Mùsùlùmí ju orílẹ̀-èdè èyíkéyìí lọ láyé, àìmọye ọmọ ló sì ń jáde ní ilé-kéwú níbẹ̀ lọ́dọọdún láìfọwọ́ kan ìbọn. Àtakò tó lágbára jù ni pé bí ilé-ìwé bá jẹ́ okùn, kí ló dé tí púpọ̀ nínú àwọn tó jáde ní Ngruki kò di apànìyàn? Ìdáhùn ni pé okùn kan ṣoṣo kì í mú èèyàn. Ti al-Ghozi, ìyà tí bàbá rẹ̀ jẹ, àwọn olùkọ́ tó ń ṣa ọmọ ilé-ìwé wọn yàn àti ogun tó kan àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló lọ́ pọ̀. Síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló yàn láti pa arìnrìn-àjò tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ kò wẹ ẹ̀jẹ̀ wọn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ọwọ́ ṣe tẹ̀ ẹ́ náà jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ okùn yìí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà tí Síngápọ̀ mú ní òpin ọdún 2001 ni ọ̀rọ̀ ẹnu wọn tọ́ka sí i, wọ́n sì mú un ní Mànílà ní oṣù Kìíní ọdún 2002. Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n, àmọ́ ó sá jáde ní àgọ́ ọlọ́pàá Camp Crame ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 2003. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún náà ni àwọn agbófinró yìnbọn pa á ní Mindanao. A kò lè sọ pé ipá kò wúlò, nítorí ẹni tó ń ṣe bọ́ǹbù gbọ́dọ̀ bọ́ sí àhámọ́. Ṣùgbọ́n igi kan kì í dá igbó ṣe: lẹ́yìn ikú rẹ̀, ẹgbẹ́ náà tàbí àwọn tó yapa lára rẹ̀ kọlu ilé iṣẹ́ aṣojú Ọsirélíà ní Jàkátà ní 2004, wọ́n sì kọlu Bali pẹ̀lú ní 2005.

Ohun tó rẹ̀ wọ́n sílẹ̀ ni pé okùn bẹ̀rẹ̀ sí í tú láti inú. Nasir Abbas, ọ̀gá ẹgbẹ́ ní ẹkùn Mindanao tí wọ́n mú ní 2003, sọ pé pípa ará ìlú kò bá ẹ̀sìn mu, ó sì bá ọlọ́pàá ṣiṣẹ́ láti yí ọkàn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ padà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, àwọn àgbà ẹgbẹ́ kéde pé àwọn tú Jemaah Islamiyah ká. Ẹnu àwọn tí wọ́n jọ kàwé, tí wọ́n jọ jagun, ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń wọni létí. Nítorí náà, ìjọba tó bá fẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn má tọ ipa ọ̀nà al-Ghozi gbọ́dọ̀ fi òdodo mú ọ̀daràn, kó má fìyà jẹ aláìṣẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ lè fẹ́ gbẹ̀san, kó sì fi ọ̀nà àbọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá ronú pìwà dà.