Wolé-wolé Nílé Abánitọ́jú-Ọmọ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Kó tó di 1872, kò sí òfin tó rán ẹnikẹ́ni lọ yẹ ilé tí wọ́n ti ń gbowó tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ wò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọbìnrin tó bímọ láìlọ́kọ, tó sì ní láti padà sẹ́nu iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀, á wá alágbàtọ́ nínú ìwé ìròyìn. Àwọn alágbàtọ́ kan ń gbowó ọ̀sẹ̀; àwọn mìíràn ń gba pọ́n-ùn bíi mélòó kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó parí. Owó ẹ̀ẹ̀kan yìí ni ewu wà nínú rẹ̀, torí bí ọmọ bá ṣe tètè kú tó ni èrè ṣe pọ̀ tó. Nígbà tí ọlọ́pàá wọ ilé alágbàtọ́ kan, Margaret Waters, ní Brixton lọ́dún 1870, wọ́n bá àwọn ìkókó tó ti rù kan egungun, tí wọ́n ti fi oògùn kùn lóorun. Wọ́n yẹgi fún un lóṣù kẹwàá ọdún yẹn.

Òfin 1872 ní kí ẹni tó bá gba ju ọmọ kan tí kò tíì pọ́dún lọ, fún ohun tó ju wákàtí 24, forúkọ ilé rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tó gba ọmọ kan ṣoṣo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì di dandan kí wọ́n yan wolé-wolé. Òkú ọmọ ló tún ti òfin síwájú: lọ́dún 1896, wọ́n fa òkú ìkókó jáde nínú odò Thames ní Reading, wọ́n sì yẹgi fún Amelia Dyer, alágbàtọ́ tó pa wọ́n. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, òfin gbé ọjọ́ orí dé ọdún márùn-ún, ó sì fi yíyan wolé-wolé, lọ́kùnrin lóbìnrin, lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n ń san owó ọ̀sẹ̀ lé lórí kò wọ inú òfin àfi ní 1908.

Ọmọ tó ń sùn nílé alágbàtọ́ ni gbogbo èyí kàn. Èyí tí ìyá ń gbé sílẹ̀ láàárọ̀, tó ń gbà padà nírọ̀lẹ́, kò ní òfin títí di 1948, lẹ́yìn tí ogun ti kó àwọn obìnrin wọ ilé iṣẹ́. Àwọn tó ń tọ́jú ọmọ mẹ́ta sókè ni wọ́n kọ́kọ́ ní kó forúkọ sílẹ̀. Ní 1968, ọmọ kan fún wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ ti tó. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ náà ní bòókẹ́lẹ́. Láàárín 1970 sí 1979, olùwádìí Brian Jackson àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ dúró sójú títì ní ìdájí, wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà tí àwọn ìyá ń gbọ́mọ wọ̀. Wọ́n bá yàrá tí ọmọ kún, tí sítóòfù kẹrosínì ń jó láàárín wọn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà, Yorùbá pọ̀ nínú wọn, gba ọ̀nà mìíràn láti bíi 1955. Onílé kì í fẹ́ ọmọdé, ìwé àti iṣẹ́ kò sì jẹ́ kí wọ́n ráyè. Wọ́n ń polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World, wọ́n sì ń gbé ọmọ fún àwọn òyìnbó ní Kent àti Sussex. Ẹni tó dàgbà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ nílé kò rí kàyéfì kankan nínú kí ẹlòmíràn bá òun tọ́mọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni ẹnu ń yà.

Fún àwọn tó ń tọ́jú ọmọ lójúmọmọ, òfin 1989, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1991, gbé ọjọ́ orí dé ọdún mẹ́jọ, ó sì ní kí wọ́n máa yẹ ilé wò lọ́dọọdún. Ní 2001, iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Ofsted, àwọn tó ń yẹ ilé ìwé wò. Láti 2014, abánitọ́jú-ọmọ lè wà lábẹ́ àjọ aládàáni. Àjọ yẹn ni Ofsted ń yẹ̀ wò, àjọ ló sì ń wọ ilé lọ wò.