Èló Ni Ọ̀gá Ilé-Ìwòsàn Ń Gbà?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ báyìí: ká ní ẹ ní àǹtí tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò dìgbà tí ẹ bá bi í ní iye tó ń gbà. Láti 2004 ni NHS, ètò ìlera ìjọba Bìrìtìkó, ti to owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ sí ìpele, gbogbo rẹ̀ sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà àtàwọn ọ̀gá àgbà pátápátá kò sí nínú ìpele yẹn. Báwo wá ni aráàlú ṣe ń mọ owó ọ̀gá? Ìtàn rẹ̀ la gbé wá lónìí.

Ọdún 1948 ni NHS bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1970, kò sí ọ̀gá kan ṣoṣo. Dókítà, nọ́ọ̀sì, akápò àti alákòóso ló ń jókòó pọ̀, àfi kí gbogbo wọn fẹnu kò. Ní 1983, ìjọba Margaret Thatcher ní kí Roy Griffiths, ọ̀gá kan ní ilé-ìtajà Sainsbury's, wá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ó ní bí Florence Nightingale bá tún gbé fìtílà rẹ̀ wọ ilé-ìwòsàn, ẹni tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ ni yóò máa fi wá kiri. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yan mánéjà nìyẹn. Láti 1991, àwọn ilé-ìwòsàn tó di “trust” gba àṣẹ láti máa pinnu owó oṣù fúnra wọn. Agbára ti wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Ta ló wá ń ṣọ́ owó rẹ̀?

Ní 2010, ìjọba David Cameron ní kí Will Hutton wò ó bóyá ó yẹ kí òfin sọ pé ọ̀gá kankan lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba kò gbọ́dọ̀ gbà ju ìlọ́po 20 owó ẹni tó kéré jù lọ. Hutton kò fara mọ́ ọn. Ní March 2011, ó ní kí wọ́n kúkú máa gbé e síta kí gbogbo ayé rí i. Láti ìgbà náà, ìròyìn ọdọọdún trust kọ̀ọ̀kan ń sọ iye ìgbà tí owó ọ̀gá tó ń gbà jù fi pọ̀ ju ti òṣìṣẹ́ tó bọ́ sí àárín. Ní 2015, ìjọba tún ní bí owó ọ̀gá tuntun bá máa ju £142,500 lọ, ìyẹn owó olórí ìjọba, kí wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Ẹ má rò pé èyí sọ owó ọ̀gá di kékeré o. Ohun tó ṣe ni pé nígbà tí nọ́ọ̀sì kò bá tó ní wọ́ọ̀dù, aráàlú ní iye kan lọ́wọ́ tí wọ́n lè fi béèrè ọ̀rọ̀.

Àwa náà ńkọ́ ní Nàìjíríà? Ní May 28, 2011, oṣù méjì péré lẹ́yìn àbọ̀ Hutton, Ààrẹ Jonathan buwọ́ lu òfin òmìnira ìròyìn. Abala kejì rẹ̀ ní kí iléeṣẹ́ ìjọba máa gbé àkọsílẹ̀ tó ní orúkọ, ipò àti owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ wọn síta. Bí ẹ bá sì kọ̀wé béèrè, ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fèsì.

Nítorí náà, ẹ gbé fóònù yín. Ẹ wá ìròyìn ọdọọdún trust kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ẹ wá wá ti ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó sún mọ́ yín. Bí ẹ kò bá rí ti ìkejì, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́.